Òdòdó Tí Wọ́n Pè Ní Àfòmọ́ Ní Ṣàngó

Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ṣàngó, n'Ìbàdàn, tẹ́ ẹ wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́nà Eléyẹlé, ẹ máa wo iwájú ilé àwọn èèyàn dáadáa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń gbatẹ́gùn lálẹ́, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n ti ń kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, irin ni wọ́n fi dí i pa báyìí nítorí olè. Àwọn kan sọ tiwọn di ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan sọ ọ́ di yàrá tí wọ́n ń gbà lówó, àwọn mí-ìn sì sọ ọ́ di ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń sùn. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ìlú ló le.

Ṣùgbọ́n ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òdòdó ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiẹ̀. Kì í ṣe òdòdó inú ike tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì o. Òdòdó tí kò fẹ́ yẹ̀pẹ̀ ni, tí wọ́n so mọ́ pákó, tí gbòǹgbò ẹ̀ wà níta gbangba bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí òdòdó yẹn dá ìjà ńlá sílẹ̀ nínú ẹbí, àti pé òdòdó yẹn náà ló tú àṣírí ohun tó ń bá gbogbo ilé fínra.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ má bèèrè orúkọ.

Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, l'Ágodi. Ìyàwó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Bódìjà, àti àgbagbà, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ẹnì kẹfà inú ilé ni àbúrò ọkọ, tó kàwé jáde ní Pólí Ìbàdàn, tó kọ́ iṣẹ́ inú lábù, tó sin ilẹ̀ baba ẹ̀ tán, tó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kóun fi oṣù mẹ́ta wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́ta. Kò sí ọ́fíìsì tí kò kọ lẹ́tà sí. Inú yàrá kékeré tó fẹ̀gbẹ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ń sùn.

Ìyàwó yìí kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti fún àbúrò ọkọ ẹ̀ lórúkọ, bí obìnrin tó mọ̀wàá hù ṣe ń ṣe. ‘Akọ̀wé’ ló ń pè é, ‘ẹ’ ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kejì parí, tí owó oúnjẹ ń lé sí i, ‘ẹ’ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í di ‘o’. Ẹni tó bá ti gbé ilé mọ̀lẹ́bí rí á mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan tí gàrí tán ṣáájú ọjọ́ ẹ̀, ó sọ ọ́ síta. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, àbúrò yín yìí ti di àfòmọ́ mọ́ wa lórí o. Ẹ sì mọ̀ pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan.”

Akọ̀wé gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò fèsì.

IGI TÍ WỌ́N GÉ LỌ́NÀ ÀPẸ̀TẸ̀

Ní oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n gé igi ńlá kan lulẹ̀ lọ́nà Àpẹ̀tẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ kọ́lé. Akọ̀wé wà lára àwọn tí wọ́n gbà pé kí wọ́n wá kó ẹ̀ka igi, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san. Orí ẹ̀ka tó ti wà lókè téńté ló ti rí nǹkan ọ̀hún. Ara ẹ̀ rí bí ìrèké kéékèèké tó dì pọ̀, ewé ẹ̀ gùn, gbòǹgbò ẹ̀ funfun, púpọ̀ nínú gbòǹgbò náà ló sì dúró ṣánṣán sókè bí abẹ́rẹ́. Ewé gbígbẹ ti já sáàárín wọn, ó kún bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Ọ̀gá àwọn agégi ní, “Àfòmọ́ nìyẹn, jù ú síná.”

Akọ̀wé ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ fún mi. Kì í ṣe àfòmọ́.”

Wọ́n fi ṣẹ̀sín títí, wọ́n sì fún un. Ó rù ú dé Ṣàngó. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí agbòòrùn tó fi ń bo orí, ó ní, “Háà! Èyí tó wà nílé ò tó, o tún lọ gbé òmí-ìn wá?”

Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún agégi yẹn, òótọ́ ni.

Àfòmọ́ gidi, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń bá jà lórí kòkó àti obì, olè ni. Ó máa ń ti ẹnu bọ inú ara igi, á máa fa omi àti oúnjẹ igi náà mu, títí igi á fi gbẹ. Èyí tí Akọ̀wé gbé wálé kò rí bẹ́ẹ̀. Òdòdó tí òyìnbó ń pè ní orchid ni, ọ́kíìdì. Èèpo igi nìkan ló dì mú kó má baà já bọ́. Kò mu nínú omi igi, kò jẹ nínú oúnjẹ ẹ̀. Omi òjò, ìrì, eruku àti ewé tó jẹrà sáàárín gbòǹgbò ẹ̀ ló ń jẹ. Awọ funfun kan wà lára gbòǹgbò ọ̀hún tó dà bíi kànìnkànìn. Bí òjò bá ti kàn án, á fa omi mu lójú ẹsẹ̀, á sì di àwọ̀ ewé. Bó bá gbẹ, á tún funfun. Àlejò tó gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání ni, àyè tó máa jókòó sí ló fẹ́.

Ẹbí ńlá sì ni ọ́kíìdì. Irú tó wà láyé lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25,000). Àwọn kan ń hù nílẹ̀, àwọn kan ń gbé orí igi. Ní ilẹ̀ Zambia, wọ́n ń wa iṣu àwọn tó ń hù nílẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀pà sè é, chikanda ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Akọ̀wé, Ansellia africana ni orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Àwọn òyìnbó tún ń pè é ní ọ́kíìdì amọ̀tẹ́kùn, nítorí pé òdòdó ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó sì ní tóótòòtó dúdú-pupa lára bí awọ ẹranko náà. Kò bá Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lóṣù kìn-ín-ní 2020 tan o, òdòdó kì í mú ọ̀daràn.

Orúkọ Ansellia yẹn, ara John Ansell ni wọ́n ti mú un. Olùtọ́jú ọgbà ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ọkọ̀ ojú omi ìjọba wọn wá sí Odò Ọya ní 1841. Ìrìn-àjò yẹn náà ni Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó ọ̀hún. Erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí, ni Ansell ti rí òdòdó yìí. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1968, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ W. W. Sanford kọ àbọ̀ ìwádìí nípa bí àwọn ọ́kíìdì orí igi ṣe wà káàkiri nínú igbó gúúsù Nàìjíríà. Ní 1983, Segerbäck náà tẹ odidi ìwé kan jáde lórí àwọn ọ́kíìdì ilẹ̀ yìí. Ìyẹn ni pé ohun tí agégi ní kí wọ́n jù síná, àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn nínú igbó nítorí ẹ̀.

BÓ ṢE SỌ Ọ̀DẸ̀DẸ̀ DI ILÉ ÒDÒDÓ

Kò náwó púpọ̀, torí kò lówó. Ó kọ́kọ́ kó táyà tó ti gbó, fáànù tó ti bàjẹ́ àti bátìrì mọ́tò tó ti kú kúrò níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dojú kọ ìlà oòrùn, ìyẹn sì dáa, nítorí pé oòrùn àárọ̀ ò le tó ti ọ̀sán. Ó mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya, ó ṣẹ́ ẹ po lọ́nà méjì, ó ta á sára irin iwájú ilé kí oòrùn má baà jó ewé. Ó wá pákó tó nípọn, ó fi èèpo àgbọn tẹ́ ẹ, ó gbé ọ́kíìdì náà lé e, ó fi àkísà rírọ̀ so ó títí tí gbòǹgbò tuntun fi di pákó náà mú fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á ri ọ́kíìdì orí igi mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu, wọ́n á sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò ní pẹ́ tí gbòǹgbò ẹ̀ á fi jẹrà. Afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò yẹn ń fẹ́. Bí ẹ ò bá rí pákó, ẹ wá ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, kẹ́ ẹ fi èédú, èèpo àgbọn àti àfọ́kù ìkòkò kún un. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bomi rin ín, kó lè gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ funfun padà kẹ́ ẹ tó tún bomi lé e. Omi òjò ló dára jù. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò tí òjò sì ń fẹ́ wọlé bá a, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ẹnu èèyàn ń ya, omi tí ọ́kíìdì amọ̀tẹ́kùn ń fẹ́ á dín kù torí pé ó ń sinmi, ṣùgbọ́n ẹ máa wọ́n omi sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ má baà gbẹ jù.

Ewé ẹ̀ ló máa sọ fún yín bí ara ẹ̀ ṣe rí. Bó bá dúdú kirikiri, ìmọ́lẹ̀ ò tó o. Bó bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oòrùn ti pọ̀ jù. Àwọ̀ ewé tó mọ́ díẹ̀ lẹ ń wá. Ajílẹ̀ tí wọ́n ń pò mómi, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ là á lómi dáadáa, kó má ju ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ lọ. Ẹ máa wò ó lálẹ́ bóyá ìgbín kéékèèké ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì gbé abọ́ omi sábẹ́ ẹ̀ o, ẹ̀fọn ni yóò bá yín gbé níbẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Àwọn kan ní àwúre ni ọmọkùnrin yẹn gbé kọ́ iwájú ilé, àbí èwo ni kí wọ́n so igbó mọ́ pákó? Àwọn ọmọ inú ilé ló kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ̀. Bí iná bá lọ lálẹ́, wọ́n á jókòó ti bùọ̀dá wọn, á máa pa ìtàn fún wọn. Ó sọ fún wọn pé irú àwọn ọ́kíìdì kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tó jẹ́ pé ọmọ 419 gbáà ni wọ́n. Òdòdó wọn máa ń dà bí abo oyin, òórùn tí abo oyin ń tú jáde náà ni tiwọn ń tú. Akọ oyin á fò wá, á rò pé òun ti rí ìyàwó, á gùn ún títí, kò ní rí nǹkan kan, eruku òdòdó ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára tí yóò gbé lọ sọ́dọ̀ òdòdó mí-ìn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ìyá wọn náà rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Lọ́jọ́ mí-ìn, ó sọ fún wọn pé fánílà tó ń ta sánsán nínú áísìkiriìmù, èso ọ́kíìdì ni. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbòmí-ìn, ó ń yọ òdòdó ṣùgbọ́n kì í so. Ọmọ dúdú kan, Edmond Albius, ẹrú ọmọ ọdún 12 ní erékùṣù Réunion, ló ṣàwárí ní 1841 bí èèyàn ṣe lè fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti àtàǹpàkò mú òdòdó náà so èso. Ọgbọ́n ọwọ́ ọmọ yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣe é títí dòní.

Ìyàwó yọjú láti kíṣìnnì. Oníṣòwò ni, ìbéèrè oníṣòwò ló bi í: “Ṣé wọ́n fún un lówó?”

Akọ̀wé ní, “Rárá o, Àǹtí. Wọ́n dá a sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1848, ṣùgbọ́n nínú òṣì ló kú sí ní 1880.”

Ó mi orí, ó padà sídìí ọbẹ̀ ẹ̀.

ÌRUDI Ń RẸ̀, ÌJÀ DÉ

Ọdún kan kọjá, òdòdó ò yọ. Ọdún kejì, nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ẹ́ lọ, ọ̀pá kan yọ lórí ẹ̀, ó rudi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Akọ̀wé kà á, ó pé mọ́kàndínlógún. Gbogbo àdúgbò ń retí. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ìrudi mẹ́rin ti wà nílẹ̀, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, méjì mí-ìn.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rò ni àwọn apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa ń tò sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè pọ́n. Ìmọ̀ ìwé wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene. Gáàsì yìí ló ń sọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé àkókò pípọ́n ti tó, ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan tó pọ́n fi ń mú odidi apẹ̀rẹ̀ pọ́n. Fún òdòdó, iṣẹ́ tí gáàsì náà ń jẹ́ ni pé kó rẹ̀. Ọ́kíìdì sì wà lára àwọn tó tètè ń gbọ́ iṣẹ́ yẹn.

Ó fẹ̀sọ̀ sọ ọ́ o, ó dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin tó ti ń jí ní agogo mẹ́rin àárọ̀ lọ Bódìjà láti bí ọdún mẹ́wàá kọ́ ni wọ́n ti ń sọ irú ẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń bọ́ ẹ ló wá ń pa òdòdó ẹ? Ọjà tí mo fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ ni kí n gbé kúrò fún àfòmọ́?”

Ariwo pọ̀. Àwọn ará ilé kejì yọjú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé láti Sẹkitéríàtì, ìyàwó ẹ̀ sọ fún un pé ó ti rẹ òun, ẹni kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé yẹn. Ọkùnrin náà jókòó lórí àga fún ìgbà pípẹ́. Ó wá pe àbúrò ẹ̀, ó ní, “Má bínú o. Bí oṣù yìí bá parí, wá ibi tí wàá máa gbé.”

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù kí oṣù parí.

Kí ìjà má baà pọ̀ sí i, Akọ̀wé fúnra ẹ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi páànù ṣíji bò ó fún un. Ṣùgbọ́n ìrudi ò yéé rẹ̀. Ìgbà náà ló ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní lábù: ó mú ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ wo ni ìrudi rẹ̀? Mélòó ló rẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú? Kò pẹ́ tó fi rí i. Òru tí NEPA bá mú iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìrudi máa ń wà nílẹ̀. Òru tí iná bá wà, kì í sí nílẹ̀.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni jẹnẹrétọ̀ wà. Olè ti gbé tàwọn aládùúgbò méjì lọ, wọ́n wá gbé tiwọn sẹ́yìn irin, wọ́n tì í pa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà sì ní ethylene nínú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: ní ayé ìgbà tí wọ́n ń fi gáàsì èédú tan iná ojú títì nílẹ̀ òyìnbó, ewé igi tó bá wà nítòsí ibi tí gáàsì ti ń jò máa ń rẹ̀ dànù, kò sí ẹni tó mọ ìdí ẹ̀, àfìgbà tí ọmọ Rọ́ṣíà kan, Dimitry Neljubow, fi hàn ní 1901 pé ethylene ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bí Akọ̀wé ṣe ń wo ìwé ẹ̀ lọ, ó rántí ohun mí-ìn, ara ẹ̀ sì bù mọ́ ọn. Àárọ̀ tí ìrudi máa ń rẹ̀ yẹn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa ń so gèlè mọ́ orí gan-an tí yóò ní orí ń fọ́ òun. Àárọ̀ yẹn ni ọmọ tó kéré jù máa ń bì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ra oògùn ibà fún wọn láàárín oṣù méjì, tára wọn á yá, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé pálọ̀, níbi tí ìyá àti àwọn ọmọ ń sùn sí nítorí ooru, ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ṣí sí.

Gáàsì kejì tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni carbon monoxide, òun sì ni apani. Kò ní àwọ̀, kò lóòórùn. Bí èèyàn bá fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Agbára tó fi ń di ẹ̀jẹ̀ mú tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ oxygen tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbé kiri ara. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn, òòyì á kọ́ ọ, á fẹ́ bì, àwọn ará ilé á ní ibà ni. Bó bá pọ̀ jù, oorun náà ni yóò gbà sùn lọ pátápátá. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sùn tí wọn ò jí mọ́. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Akọ̀wé gbé ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi máa lọ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí kí n tó lọ.” Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó dìde, ó lọ wo àwọn ọmọ níbi tí wọ́n sùn sí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, inú òkùnkùn ni gbogbo ilé sùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìparí ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà sí fèrèsé ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, wọ́n kọjú ibi tí èéfín ń gbà jáde sí ìta, wọ́n fi ṣéènì ńlá dè é mọ́ òpó.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, orí ò fọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ò bì. Ẹnì kan ò lè búra pé èéfín nìkan ló fà á, torí kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ṣùgbọ́n wọn ò ra oògùn ibà mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìrudi márùn-ún ló kù lórí ọ̀pá. Wọ́n là, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n pọ́n bí ìyeyè, wọ́n ní tóótòòtó. Àwọn tó sọ pé àwúre ni ló wá ń gbé fóònù wá yà á ní fọ́tò.

OHUN TÓ YẸ KÓ YÉ GBOGBO ÈÈYÀN

Ọkùnrin kan tó gun jíìpù dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kí Akọ̀wé lọ inú igbó, kó bá òun já ogún irú ẹ̀ wá, òun máa sanwó gidi. Ó wu ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ìdí ni pé èso ọ́kíìdì kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn, ti òmí-ìn tó mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n bí eruku ni wọ́n rí, wọn ò ní oúnjẹ kankan nínú. Àfi tí olú tín-ín-tín kan bá bá wọn pàdé, tó fún wọn lóúnjẹ, ni wọ́n fi lè hù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa gbà kí èyí tó bá hù tó yọ òdòdó. Ẹni tó bá já ogún nínú igbó, ó lè jẹ́ pé ogún tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Òfin náà sì wà níbẹ̀: Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES láti 1974, àdéhùn ọ̀hún ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kó ọ́kíìdì kọjá ẹnubodè láìgbàwé àṣẹ. Orí igi tí wọ́n bá ti gé lulẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbà á, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín.

Àwọn tó ń tà á kárí ayé, ní Taiwan, ní Thailand àti nílẹ̀ àwọn Dutch, wọn ò lọ já a nínú igbó. Inú ìgò ni wọ́n ti ń hù ú. Lewis Knudson, ará Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní 1922 pé bí wọ́n bá fi ṣúgà sínú oúnjẹ tí kò ní kòkòrò kankan nínú ìgò, irúgbìn ọ́kíìdì lè hù láìsí olú. Iṣẹ́ tó fara pẹ́ ẹ ni wọ́n ń fi ìgò ṣe fún iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní IITA, tó wà n'Ìbàdàn láti 1967. Iṣẹ́ lábù ni. Ohun tí Akọ̀wé kọ́ ní Pólí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ tó ronú òdòdó, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ yín wà. Bó bá wà nítòsí fèrèsé, bó bá wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó bá wà ní kọ́rídọ̀, ẹ gbé e kúrò lónìí, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Òdòdó ò sí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn láti kìlọ̀ fún wọn.

Ní ti ilé Ṣàngó yẹn, oṣù parí, kò sẹ́ni tó dárúkọ kíkó ẹrù. Ìyàwó ò bẹ̀bẹ̀, ọkọ ò pe ìpàdé. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó lọ Bódìjà, ìyàwó bá Akọ̀wé lórí ìdúró níwájú òdòdó, ó ń to ìgò tó ti fọ̀ sórí tábìlì. Ó wò ó, ó ní, “Akọ̀wé, kí lẹ fẹ́ fi ìgò wọ̀nyí ṣe?”

Ó ní òun fẹ́ dán irúgbìn wò, ṣùgbọ́n òun ò ní ohun tí òun máa fi se ìgò náà kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú. Ìkòkò tó ń hó pẹ̀lú agbára èéfín ló ń fẹ́.

Obìnrin náà padà wọlé. Nígbà tó jáde, pọ́ọ̀tù tó fi ń se ẹran ọdún ló gbé dání, èyí tó ń súfèé lórí iná, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má jẹ́ ó jóná o.” Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀, ó gba ọ̀nà ọjà lọ.